Ká Lójú Lókè Ká Tó Ra Lésà

Ohun tí a mọ drone sí nílẹ̀ Ẹ̀gbá kò ju yíya fọ́tò ìgbéyàwó àti àpáta Olúmọ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn ISWAP fi drone ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù sí àgọ́ àwọn ọmọ ogun wa ní Wajiroko, ní ìpínlẹ̀ Borno. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ń wí ni pé kí Nàìjíríà tètè lọ ra ohun ìjà lésà.

A kò jiyàn pé lésà dára. Ìtànṣán alágbára ni, ojú kan ṣoṣo ló máa ń dúró sí lára drone títí ibẹ̀ yóò fi yọ́ tàbí jóná. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ti fi DragonFire yin ohun tó wà lójú ọ̀run ní Scotland, wọ́n sì ní owó ìyìn kan kì í sábà tó pọ́n-ùn 10. Ẹni tó ń fi mísáìlì olówó ńlá já drone inú ọjà lulẹ̀, ìbọn ló fi ń pa eṣinṣin.

Àmọ́ lésà gbọ́dọ̀ rí ohun tó fẹ́ jó gbangba. Òjò, kùrukùru àti eruku a máa dín agbára rẹ̀ kù. Ta ni kò sì mọ eruku ọyẹ́ ní Borno? Ó tún ń fẹ́ iná mànàmáná tó pọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó nílò ẹni tí yóò mọ ọ̀tá yàtọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Tudun Biri, ìpínlẹ̀ Kaduna, drone àwọn ológun wa ju bọ́ǹbù lu àwọn tó ń ṣe ọdún Máólùd. Èèyàn tó lé ní 80 ló kú. Ohun ìjà náà kò tàsé o. Àwọn tó ń darí rẹ̀ ni kò mọ ẹni tí wọ́n ń wò.

Ìlú Abẹ́òkúta mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Kí ọba Gezo ti Dahomey tó kógun wá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti kìlọ̀ fún àwọn Ẹ̀gbá. Wọ́n tún odi ṣe. Ìtàn sì wí pé àwọn ará Ìṣàgà ló darí ogun náà sí ẹnubodè Arò, níbi tí odi ti le. Ìbọn ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn ló ṣáájú ìbọn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Nítorí náà, rédà àti ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró drone ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá lọ. Òfin ti wà pé kí ẹni tó fẹ́ fi drone ṣiṣẹ́ gbàwé àṣẹ. Kí ìjọba jẹ́ kí gbígbà á rọrùn, kí a lè mọ drone ayafọ́tò yàtọ̀ sí ti apànìyàn. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ àṣá yàtọ̀ sí ẹyẹlé. Àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń fi drone wá owó iléèwé kò gbọ́dọ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ISWAP. Bí èyí bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n ra lésà, a ó bá wọn pàtẹ́wọ́.