Ọsibítù Tó Ṣẹ̀, Kó Jẹ́wọ́ Ná

Bí ọsibítù kan bá ti tẹ́ lójú aráàlú, kò ṣòro láti mọ ohun tí àwọn aláṣẹ rẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á kun ọ̀dà tuntun. Wọ́n á pààrọ̀ pátákó ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á pe àwọn oníròyìn wá ya fọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ọ̀gá pátápátá á sì kéde pé nǹkan ti yàtọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú sí wọ́ọ̀dù kò bá ògiri jà. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó jókòó sọ fún un bí ìyá rẹ̀ ṣe kú. Títí wọn ó fi sọ ọ́, kí wọ́n má retí pé yóò tún gbé ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn nìyẹn, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù Stafford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 2005 sí 2009. Ipò kan tó máa jẹ́ kí ọsibítù dá ṣèjọba ara rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ń lé. Wọ́n pinnu láti gé £10 mílíọ̀nù kúrò nínú ìnáwó, wọ́n sì dín òṣìṣẹ́ kù. Ipò náà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní oṣù kejì ọdún 2008. Ní wọ́ọ̀dù, inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ara wọn ni àwọn arúgbó wà. Wọ́n á gbé oúnjẹ síbi tí ọwọ́ aláìsàn ò ní tó, wọ́n á tún wá gbé e lọ bó ṣe wà. Àwọn ẹbí kan sọ pé òùngbẹ gbẹ èèyàn àwọn débi pé omi inú ìkòkò òdòdó ni wọ́n ń mu. Ní ẹ̀ka pàjáwìrì, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn ò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí, ló ń pinnu ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù.

Ṣé kò sẹ́ni tó rí i ni? Wọ́n rí i. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Helene Donnelly wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì yẹn. Àfojúsùn ìjọba ni pé kí aláìsàn má pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ níbẹ̀. Bí wákàtí mẹ́rin bá fẹ́ kọjá, wọ́n á ní kí àwọn nọ́ọ̀sì kọ àkókò mìíràn sínú ìwé. Donnelly fẹjọ́ sùn lákọsílẹ̀ tó nǹkan bí ìgbà 100. Ohun tó rí gbà ni ìhàlẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, débi pé ẹbí rẹ̀ ló ń wá mú un níbi iṣẹ́ lálẹ́, torí ẹ̀rù ń bà á láti dá rìn lọ síbi mọ́tò rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Julie Bailey náà rí i. Ìyá rẹ̀, Bella, kú sí Stafford ní 2007. Ilé oúnjẹ kékeré tó ni nínú ìlú náà ló fi ṣe ibi ìpàdé àwọn tí èèyàn wọn kú, wọ́n sì lẹ fọ́tò àwọn òkú mọ́ ògiri. Ariwo wọn ló fà á tí ìjọba fi gbé ìwádìí kalẹ̀. Nígbà tí agbẹjọ́rò Robert Francis gbé àbọ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2013, àmọ̀ràn 290 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìlú sọ pé Bailey ló fẹ́ jẹ́ kí wọ́n ti ọsibítù àwọn pa. Wọ́n bú u, wọ́n ba sàréè ìyá rẹ̀ jẹ́, ó sì kó kúrò nílùú.

Wọ́n tú àjọ tó ń darí Stafford ká ní 2014. County Hospital ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ yẹn ni èrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Èrè ibẹ̀ ni òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí ìtọ́jú bá ṣe aláìsàn léṣe gidi, dandan ni kí ọsibítù ìjọba sọ ọ́ fún un tàbí fún ẹbí rẹ̀, kó sì tọrọ àforíjì. Ó bani nínú jẹ́ pé òfin ni wọ́n fi ń fa òtítọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ti búra láti tọ́jú èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ ọsibítù kan wà ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, tí kò dúró de òfin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, Mary McClinton, ẹni ọdún 69, lọ gba ìtọ́jú ní Virginia Mason nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ọpọlọ rẹ̀. Abọ́ mẹ́ta wà lórí tábìlì. Omi iyọ̀ wà nínú ọ̀kan, oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan hàn nínú fọ́tò wà nínú èkejì, apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu awọ ara wà nínú ẹ̀kẹta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ́ gaara, kò sì sí àkọlé lára wọn. Apakòkòrò ni wọ́n fà sínú abẹ́rẹ́. Kò pé oṣù kan tí obìnrin náà fi kú.

Virginia Mason sọ ọ́ fún ẹbí rẹ̀, ó sọ ọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ìlú: àwa la ṣe é, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, ẹ forí jì wá. Wọ́n fi ààbò aláìsàn ṣe àfojúsùn kan ṣoṣo fún ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi ẹ̀bùn tó ń jẹ́ orúkọ McClinton dá àwọn òṣìṣẹ́ tó mú ààbò aláìsàn gbòòrò lọ́lá. Ní 2010, àjọ Leapfrog fi Virginia Mason ṣe ọ̀kan nínú ọsibítù méjì tó peregedé jù lọ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó sọ pé ìjẹ́wọ́ ń ba orúkọ jẹ́, kí wọ́n wá dáhùn èyí.

Ìdáhùn wọn kì í pẹ́: lọ́yà ni. Wọ́n ní bí dókítà bá ti la ẹnu pé òun ṣàṣìṣe, ilé ẹjọ́ ló kù. Ọsibítù Fásitì Michigan ti dán an wò. Láti 2001 ni wọ́n ti ń sọ àṣìṣe wọn fún aláìsàn, tí wọ́n sì ń san owó gbà-má-bínú láìjẹ́ pé adájọ́ ló pàṣẹ. Ìwádìí tó jáde ní 2010 fi hàn pé ẹ̀sùn tuntun tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù já wálẹ̀ láti bíi méje sí bíi mẹ́rin ààbọ̀ nínú ìtọ́jú 100,000. Ẹjọ́ tó ń gba bí oṣù 16 kó tó parí wá ń gba nǹkan bí oṣù 11. Ó lè jẹ́ pé ìjẹ́wọ́ nìkan kọ́ ló dín in kù, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n ní yóò ya bo ọsibítù bí omíyalé kò wá.

Àwíjàre kan wà tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ jùyẹn lọ. Òṣìṣẹ́ kékeré ń bẹ̀rù pé òun ni wọn ó di ẹ̀bi rù. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Hadiza Bawa-Garba, dókítà tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Leicester ní 2011 lọ́jọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́fà kan kú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ìbímọ dé ni, kò sí dókítà tó tó, ọ̀gá rẹ̀ kò sí nítòsí, ẹ̀rọ tó ń gbé èsì àyẹ̀wò wá sì dákú. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2015. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní oṣù kìíní ọdún 2018, kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó dá a padà ní oṣù kẹjọ. Ìjẹ́wọ́ tó bá ń wá ẹni kan tí yóò rù ú kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ pé: àwa la fi èèyàn kan síbi iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta.

Nílé wa ńkọ́? Àmúwá Ọlọ́run ni. Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń sin òkú, òun náà ni wọ́n fi ń sin àṣìṣe. Ẹbí tó bá béèrè ìwé ìtọ́jú, wọ́n á ní fáìlì ò sí nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn nípa bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Wọ́n á ní kò sówó, iná ò dúró, àwọn nọ́ọ̀sì ti japa. Gbogbo rẹ̀ lóòótọ́ ni, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó ní kí wọ́n parọ́ fún ọmọ olóògbé.

Ní Èkó, àjọ HEFAMAA ló ń forúkọ àwọn ilé ìwòsàn sílẹ̀, tó sì ń ṣọ́ wọn. Kó fi nǹkan mẹ́ta kún ohun tó ń béèrè, kí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀: orúkọ òṣìṣẹ́ àgbà kan tí ẹbí lè bá sọ̀rọ̀, àlàyé lákọsílẹ̀ fún ẹbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, àti ìlànà tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lé nọ́ọ̀sì tó bá sọ òtítọ́. Ọsibítù tó bá kọ̀ ọ́, kí wọ́n má ṣe sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun.