Ẹlẹ́rìí Inú Ewé

Òdòdó kan wà lórí Òkè Kinabalu, ní erékùṣù Borneo ní ilẹ̀ Malaysia, tí kì í hù nínú igbó ibòmíràn ní gbogbo ayé. Ẹ̀yà ọ́kíìdì ni. Paphiopedilum rothschildianum ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. A máa pẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó tanná, owó ńlá ni a sì ń dá lé e. Àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní CITES kò gbà kí a kó èyí tí a hú nínú igbó kọjá ẹnubodè lọ tà, síbẹ̀ àwọn olè ń hú u.

Ìgbà tí kò sí òdòdó lórí rẹ̀ ni wọ́n ń kó o. Bí oníbodè bá tú àpò wọn, ewé lásán ni yóò bá, ewé ọ́kíìdì kan a sì máa jọ òmíràn bí ìbejì. Olè yóò ní irú mìíràn tí ó wọ́pọ̀ ni. Ta ni yóò já a ní irọ́?

Ewé náà ni yóò jẹ́rìí. Nínú ewé tútù ni àwọn hóró kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Chloroplast ni a ń pè wọ́n. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ tiwọn, lẹ́tà mẹ́rin péré ni a sì fi kọ ọ́. Ní 1986, àwọn onímọ̀ Jàpáàn ka ti ewé tábà tán. Ní 2006, ní Taiwan, a ka ti ọ́kíìdì fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́tà 148,964 sì ni ó jẹ́. Láti ìgbà náà, a ti ka ti ọ̀pọ̀ nínú ìbátan òdòdó Kinabalu. Níbi tí àkọsílẹ̀ ẹ̀yà kan bá ti yàtọ̀ sí ti èkejì, ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Àwọn kan ń wí pé ìnáwó asán ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà. Ẹlẹ́rìí tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ẹnubodè ibikíbi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ ní ààlà. Nínú ọ̀pọ̀ jùlọ ewéko tí ń tanná, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni chloroplast ti ń wá. Bí a bá fi ìyẹ̀fun akọ láti ara òdòdó mìíràn sí i, ìdílé ìyá ni ọmọ yóò máa jẹ́, bàbá yóò sì fara pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ bóyá orí òkè ni a ti hú u tàbí inú ọgbà ni a gbìn ín sí. Olùṣọ́ igbó ni ó lè bá olè pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Kí ìjọba má ṣe tìtorí ìwádìí dín owó oṣù rẹ̀ kù.