Ó Yẹ Kí Ṣẹ̀gilọlá Padà Wá Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Bí ìyá Yorùbá kan ní Angondjé, létí Libreville ní Gabon, bá ti ọjà dé lálẹ́, tó tan tẹlifíṣọ̀n, Faransé ni òṣèré Nàìjíríà sábà máa ń sọ. Ẹnu òṣèré ń lọ lọ́tọ̀, ohùn ẹlòmíràn ń lọ lọ́tọ̀. Ọmọ tó jókòó tì í ń gbádùn eré náà, àmọ́ kò gbọ́ “ẹ kú ilé” kan ṣoṣo títí tó fi parí.

Eré tó yẹ ọmọ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ṣẹ̀gilọlá ni obìnrin náà pe ara rẹ̀: arẹwà ayé àná, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sétí ará Èkó. Lẹ́tà ń tẹ̀lé lẹ́tà títí wọ 1930. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sínú àpótí. Oṣooṣù ni Charles Dickens ń ta ìwé ìtàn rẹ̀, Bleak House, ní 1852 sí 1853. Nígbà tí BBC gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2005, apá 15 ni wọ́n pín in sí. Ìtàn tí wọ́n kọ ní ìdákúrékú kò fẹ́ kí wọ́n rún un mọ́ wákàtí méjì. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwọn òṣèré wa ṣe Ṣẹ̀gilọlá lórí tẹlifíṣọ̀n, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìwé àtijọ́ kò lè tà, kó rántí Ó Le Kú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ ní 1974, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, làwọn obìnrin bá tún ń rán ìró kúkurú tó mọ lórúnkún, tí wọ́n ń pè ní olekú.

Òótọ́ ni pé aṣọ àti ilé Èkó àtijọ́ yóò gbówó lórí. Ṣùgbọ́n arúgbó lórí ibùsùn, nínú yàrá kan, ló ń sọ ìtàn yìí. Òṣèrébìnrin tó gbọ́ Yorùbá dénú lè fi ohùn nìkan gbé ìdajì rẹ̀.

Ohùn yẹn ni wọn kò gbọdọ̀ fi òmíràn bò mọ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ Faransé sísàlẹ̀, kí ọmọ Angondjé máa kà á bí etí rẹ̀ ti ń gbọ́ òwe àti ẹkún Ṣẹ̀gilọlá. Bó bá kan ọ̀rọ̀ tí kò yé e, ìyá rẹ̀ wà nítòsí.