Èwo Gan-an Ló Purọ́ fún Wa?

Ní sáà tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, olùkọ́ wa kan kéde pé a kò ní wo eré mọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí ilé ìwé wa máa ń fi sinimá àtijọ́ hàn wá. Dókúmẹ́ńtárì nìkan la ó máa wò, ìyẹn fíìmù tó ń fi ìgbésí ayé àwọn ènìyàn gidi hàn. Wọ́n ní irọ́ ni eré, òtítọ́ ni dókúmẹ́ńtárì, kò sì yẹ kí a máa fi irọ́ kọ́ ọmọ. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Èmi tí wọ́n ní kí n wá to àga kò pàtẹ́wọ́. Ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn láwùjọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé iyàn tèmi wá sínú ìwé. Kí olùkọ́ mi má bínú.

Fíìmù àkọ́kọ́ tí a wò lábẹ́ òfin tuntun yìí ni Nanook of the North, tí Robert Flaherty, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1922. Kò ní ohùn, dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Àwọn Inuit tó ń gbé nínú yìnyín ní àríwá Kánádà ló dá lé. Ó dùn ún wò, n kò ní purọ́. Nanook fi ọ̀kọ̀ pa ẹran, ó fi yìnyín kọ́lé, ó ń tọ́jú aya àtọmọ. Wọ́n ní kí a kọ ohun tí a kọ́ nípa àwọn Inuit. Mo kọ ojú ewé méjì, mo gba máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà nípa bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù ọ̀hún. Ọkùnrin yẹn kì í jẹ́ Nanook, Allakariallak ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n pè ní aya rẹ̀ kì í ṣe aya rẹ̀. Ìbọn lòun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ṣọdẹ nígbà náà, Flaherty ló fẹ́ kí wọ́n lo ọ̀kọ̀ bíi tàwọn baba ńlá wọn. Ilé yìnyín tí a rí i tí wọ́n sùn sí, ìdajì ni wọ́n kọ́, torí pé ẹ̀rọ tó ń ya fíìmù nílò ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbà mí o! Àwọn ènìyàn ń bọ́ aṣọ sùn nínú ilé tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀, nínú òtútù yẹn, a sì ń pè é ní òtítọ́. Ibì kan tún wà tí oníṣòwò òyìnbó fi giramafóònù hàn án, tó wá fi eyín gé àwo orin rẹ̀ bí ẹni tí kò rí irú ẹ̀ rí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, tèmi náà sì ròkè. Àwọn tó wádìí fíìmù náà ní ọkùnrin yẹn mọ giramafóònù dáadáa. Revillon Frères, ilé iṣẹ́ Faransé tó ń ra awọ ẹranko lọ́wọ́ àwọn Inuit, ló náwó sí fíìmù ọ̀hún. Ẹ wá wo bí oníṣòwò inú rẹ̀ ṣe jẹ́ onínúure tó!

Eré tí òfin yìí lé kúrò lọ́sẹ̀ náà ni Bicycle Thieves, tí Vittorio De Sica ṣe ní Ítálì ní 1948. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ tó parí, iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n ní Róòmù. Antonio rí iṣẹ́ lílẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe é, ó sì ti fi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ dógò. Ìyàwó rẹ̀ ká aṣọ orí ibùsùn wọn, ó fi ìyẹn dógò láti gba kẹ̀kẹ́ padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, olè gbé e lọ. Òun àti Bruno ọmọ rẹ̀ wá a káàkiri ìlú.

Ìtàn àròsọ ni, De Sica kò sì sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgboro Róòmù gidi ni wọ́n ti yà á. Lamberto Maggiorani tó ṣe Antonio kì í ṣe òṣèré, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan ni.

Ilé ni mo ti wò ó pẹ̀lú bàbá mi. Ọ̀kadà ni bàbá mi ń gùn kí wọ́n tó jí i gbé níwájú ilé oúnjẹ kan. Èdè Ítálì ni wọ́n ń sọ nínú eré náà, mo wá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde nísàlẹ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn. Nígbà tí Antonio sáré lé olè tí kò bá a, bàbá mi ní kí n dákẹ́, pé ó yé àwọn.

Mo mọ̀ pé eré mìíràn ń purọ́. Sanders of the River tí Zoltan Korda ṣe ní 1935 fi aláṣẹ òyìnbó kan hàn tó ń ṣàkóso àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà bí ẹni ń da ọmọdé. Paul Robeson tó kópa nínú rẹ̀ padà bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kí ló mú kí irọ́ yẹn wọlé? Korda ya ijó gidi àti ènìyàn gidi ní Áfíríkà, ó sì kó wọn mọ́ èyí tó yà ní ìlú Ọba. Irú àwòrán tí dókúmẹ́ńtárì ń lò gan-an ló fi ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n dá eré padà sí ọjọ́ Ẹtì wa. Èyíówù kí a wò nínú méjèèjì, kí wọ́n sọ fún wa ẹni tó yà á àti ẹni tó náwó sí i, kí a tó mú bírò. Kí wọ́n sì jẹ́ kí n tún ojú ewé méjì yẹn kọ, kí n fi orúkọ Allakariallak sí i.