Ẹ Má Sọ Mọ́tò Kékeré Di Lọ́rì Mọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹrù tí a ń kó sínú mọ́tò ní Ìsàlẹ̀ Èkó yìí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní Ìdúmọ̀tà láàárọ̀ Sátidé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Kọ̀rólà kan ni. Ó ń bọ̀ láti Òkè Àrìn, ó fẹ́ gun afárá Carter lọ sí Ìdó. Ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, imú rẹ̀ ń wo òkè. Búùtù kò ṣeé pa dé, okùn ni wọ́n fi so ó. Àpò ìrẹsì kún ibẹ̀, àpò tún wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì wà lórí àpò. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ká ara rẹ̀ jọ sí àlàfo tó kù, orí rẹ̀ ń kan òrùlé mọ́tò. Ìyá ọlọ́jà wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Nígbà tí mọ́tò dé ibi tí afárá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó dúró. Ó wá ń yí padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, búréékì kò mú un. Àwọn alábàárù mẹ́ta ló sáré fi ejìká tì í, ẹnìkan sì ti òkúta bọ abẹ́ táyà. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn tó dúró ń sọ? Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì bá yín fi kún sípíríǹgì yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí èmi gan-an ni mẹkáníìkì tí í máa fi kún un.

Mo ṣe iṣẹ́ mọ́tò títí ara fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìdúmàgbò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn oníbàárà mi sì pọ̀ láti Jankárà, láti Ẹbúté Èrò, títí dé Àpọ́ńgbọ̀n. Ohun tí wọ́n máa ń bẹ̀ mí jù ni pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi gbé ìdí rẹ̀ sókè." N óò wá ewé sípíríǹgì kan láti ara mọ́tò tó ti kú, n óò kì í bọ àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀, n óò fi bóòtù dè é. Mọ́tò á dìde. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sanwó, á tún fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní owó ẹ̀bà. Èmi náà á gbà pé oore ni mo ṣe é.

Ní 1984, bàbá kan tó ń ra ìṣó, ọ̀dà àti irin kéékèèké lọ́dọ̀ wa lọ sí Ẹ̀pẹ́ gbé Datsun 120Y rẹ̀ wá. Mo fi ewé kọ̀ọ̀kan kún sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Bàbá náà yọ̀. Ó ní òun lè wá kó ìlọ́po méjì báyìí. Kò pé oṣù méjì sí i, táyà ẹ̀yìn kan bẹ́ lẹ́yìn Ìkòròdú, mọ́tò gbókìtì. Bàbá kú, ọmọ rẹ̀ tó bá a lọ náà kú. Àwọn ẹbí fa mọ́tò náà wá sọ́dọ̀ mi bóyá mo lè rí ohun tí n óò tà lára rẹ̀ fún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Sípíríǹgì tí mo ṣe kò ṣẹ́, kò tilẹ̀ wọ́. Ó dúró digbí bí ọjọ́ tí mo dè é. N kò sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún báyìí, ó lé ní ogójì ọdún.

Ìdí mọ́tò tó ń lọ sílẹ̀, ẹjọ́ ló ń rò fún olówó rẹ̀ pé ẹrù yìí ti pọ̀ jù. Èmi ni mo di í lẹ́nu. Mo gbé ara mọ́tò sókè, mo sì fi táyà, búréékì àti ààsùlù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àwọn òyìnbó tó ṣe mọ́tò náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣírò pọ̀. Bí a bá fi irin kan ṣoṣo kún un, kò sí èyí tó lágbára sí i nínú àwọn yòókù. Ohun tó kàn yí padà ni pé ojú kò rí i mọ́ pé ó wúwo.

Ẹ jẹ́ kí n mú táyà sọ, nítorí òun ni kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Ẹ óò rí nǹkan bíi 195/65 R15, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà kékeré bíi 91 àti lẹ́tà kan. Nọ́ńbà kékeré yẹn ló ń sọ ẹrù tí táyà lè gbé. 91 túmọ̀ sí 615 kílò fún táyà kan. 82 túmọ̀ sí 475 kílò. Nítorí náà, bí ẹ bá yọ táyà 91, tí ẹ lọ ra tòkúnbọ̀ 82 nítorí pé owó rẹ̀ dín, ẹ ti dín 140 kílò kù lẹ́sẹ̀ mọ́tò kan, kí ẹ tó gbé ẹyọ àpò kan sí i. Kílò tí wọ́n kọ yẹn náà, ìgbà tí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá pé ni. Bí atẹ́gùn bá dín tí ẹrù sì pọ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká, á máa nà, ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Ìyẹn ló ń mú un gbóná, tí rọ́bà á fi máa ṣí kúrò lára wáyà inú rẹ̀. Láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, gósílóò ló ń gbà wá, eré kò sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba Adéníjì Adélé bọ́ sórí Third Mainland, tí ọ̀nà là gbọnrangandan fún kìlómítà tó ju 11 lọ, tí dírẹ́bà sì tẹ iná mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ óò ti gbọ́ "gbàù!"

Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn DOT lára táyà. Bí wọ́n bá kọ 2309, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Àwọn tó ń tà á lè fi nǹkan dúdú kùn ún kó máa dán bíi bàtà ọdún, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti gbó ti gbó.

Ó wá ku ti iwájú mọ́tò. Búréékì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá mọ́tò dúró. Bí gbogbo ẹrù bá rọ́ sí búùtù, tí imú mọ́tò gbé sókè, ẹsẹ̀ iwájú kò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ìtọ́kọ̀ á fúyẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, á rò pé mọ́tò ń dùn ún wà. Ẹ jẹ́ kí maalu tàbí ọmọdé já lu ọ̀nà, ẹ óò rí i pé kò ní yà, kò sì ní tètè dúró. Bó bá di alẹ́, iná rẹ̀ á máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù ìyá ọjọ́ Sátidé. Àpò ìrẹsì, 50 kílò ni, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀, kò sí pé à ń wá òṣùwọ̀n. Mo ka mẹ́fà, ó di 300. Kẹ́ẹ̀gì epo oní-lítà 25 súnmọ́ kílò 23, méjì di 46. Dírẹ́bà, ká fún un ní 75. Ìyá, kí inú má bí wọn o, 85. Ọmọbìnrin, 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 556 kílò. Ní ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkúnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìwé pélébé kan wà lára òpó ìlẹ̀kùn dírẹ́bà tó sọ iye kílò ènìyàn àti ẹrù tí mọ́tò náà gbọ́dọ̀ gbé. Mo ka èyí tó wà lára Kọ̀rólà aládùúgbò mi, 385 kílò ni. Ìyá ti fi 171 lé e, ó ju àpò ìrẹsì mẹ́ta lọ. Ẹ sì kíyè sí i pé wọ́n ti ka ènìyàn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹrù nìkan ni wọ́n ń kà, pé ènìyàn kò wúwo. Bí ìyá bá jókòó pẹ̀lú dírẹ́bà, àpò mẹ́rin àti kẹ́ẹ̀gì kan ló kù tí wọ́n lè kó. Kí ọmọ wọ danfo, kí àpò méjì yòókù dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè.

Danfo náà, mo mọ̀ pé ẹ óò bi mí. Ìjókòó tí wọ́n ṣe fún ènìyàn mẹ́ta, "mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́yìn" ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké. Mo rí ọ̀kan ní Ọbáléndé tí wọ́n kọ "Ẹ̀sọ̀ layé" sí lẹ́yìn rẹ̀, agbọ̀n tòmátì dé orí rẹ̀ bíi fìlà. Ẹrù orí kárìà yẹn burú ju ti inú lọ, nítorí tí mọ́tò bá fẹ́ yí kọ́nà, òkè tó wúwo ló ń fà á ṣubú. Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó sì fara ti ẹ̀yìn ìjókòó. Ohun tó fúyẹ́ ni kó wà lókè. Ẹ so ó. Kẹ́ẹ̀gì tó dúró lásán lẹ́yìn yín, bí dírẹ́bà bá tẹ búréékì lójijì, kẹ́ẹ̀gì kò ní búréékì tirẹ̀. Ọrùn ẹni tó wà níwájú ló ń bọ̀.

Ní 29 oṣù Kìíní 2023, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé kọ̀ntẹ́nà ṣubú láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba lé ọkọ̀ èrò mọ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Gbogbo Èkó pariwo, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí a bá ti sọ̀rọ̀ ẹrù, trélà nìkan ni a ń tọ́ka sí. Kò sí ẹni tó ń yíjú wo búùtù tirẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn kan á fún mi. Wọ́n á ní ìlú le, pé owó mọ́tò ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò jẹ èrè tán. Òótọ́ ni, n kò bá wọn jiyàn. Ọmọ ọlọ́jà ni èmi náà, owó ata ni ìyá mi fi rán mi lọ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó táyà méjì, owó ṣọ́ọ̀kù, owó búréékì tó ń tètè jẹ, owó epo tí mọ́tò tó wúwo ń mu, ẹ wá fi owó tí ẹ fún àwọn ọkùnrin ojú ọ̀nà lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ẹ ń san.

Àwọn mìíràn á ní ìjọba ni kó mú wọn. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti 1988, LASTMA ti wà láti 2000, àpọ̀jù ẹrù sì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ìrìnnà ń fìyà jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni a ti ń di ẹrù. Ọ̀dọ̀ wa ní Òkè Àrìn ni, lọ́wọ́ alábàárù tí à ń sọ fún pé "ṣáà tì í wọlé."

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ìpàdé ọjà, kí alábàárù náà ní ẹnu láti sọ pé ó tó. Ẹ̀yin fọkanáísà, ẹ yéé fọn atẹ́gùn kan náà sí gbogbo táyà bí ẹni ń fọn fèrè. Ẹ wo ìwé ara òpó ìlẹ̀kùn, iye atẹ́gùn wà níbẹ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ìdí mọ́tò sókè, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi kó. Bí sípíríǹgì bá ti rọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tó bá a wá. Ẹ má fi kún un. Owó iṣẹ́ yẹn kéré.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí nọ́ńbà wà lára táyà rẹ̀, tó bá ń kọjá ní Ìdúmàgbò, kó béèrè bàbá mẹkáníìkì. Iwájú ilé ni mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun Ásárì. N kò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìdúmàgbò, Ìsàlẹ̀ Èkó.