Ikọ́ fée: Bí ẹnikẹ́ni kò bá ka ínhélà, ta ni yóò mọ̀ pé ewu ń bọ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ ní ó ń pọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà, ń bá fínra nílẹ̀ Ìgbómìnà. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí eruku ojú títì dà pọ̀ mọ́ èéfín igi ìdáná, àyà wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Wọn á fín ínhélà aláwọ̀ búlúù sẹ́nu, ara á tù wọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn á sì rò pé àìsàn ti lọ. Kò lọ ibì kan. Inú ọ̀nà èémí ló ṣì wà, tó ń wú sí i.

Ìlú Rore, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ìpínlẹ̀ Kwárà, wà lára àwọn ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Òmù-Àrán ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba wà, Ìlọrin sì ni ilé ìwòsàn Yunifásítì tí àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró wà. Ẹni tí èémí há mọ́ láyà lóru kò lè máa ronú ọ̀nà Ìlọrin. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, kẹ́míìsì tó wà nítòsí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń sáré lọ. Bí màmá kan bá rán ọmọ rẹ̀ lọ ra ínhélà lónìí, tó tún rán an lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọlọ́jà á gbowó, á gbé ọjà fún un. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó bi ọmọ náà pé, "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì, ṣé ara Màmá kò tíì yá ni?"

Àìbéèrè yẹn gan-an ni ikú ń gbà wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 262 ló ní ásímà lágbàáyé lọ́dún 2019, àti pé ó pa 455,000 lọ́dún náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí Dókítà Obianuju Ozoh àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2019 fojú bù ú pé àwọn tó ní àìsàn náà á tó mílíọ̀nù 13. Lọ́dún 2011, Dókítà Olufemi Desalu ti Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi hàn pé kò tó ìdajì àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá tí wọ́n yẹ̀ wò nílẹ̀ yìí tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára èémí.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kéèyàn mọ̀ pé oríṣi oògùn méjì ló wà. Èkíní, tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ń la ọ̀nà èémí fún wákàtí díẹ̀ ni. Èkejì ló ń gbógun ti wíwú tó wà nínú ọ̀nà èémí, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì máa ń ní kí ọ̀pọ̀ aláìsàn lò ó, yálà àyà ń fún wọn tàbí kò fún wọn. Lọ́dún 2019, GINA, ẹgbẹ́ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú ásímà sílẹ̀ fáwọn dókítà lágbàáyé, kéde pé kò tún yẹ kí àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ tó ti pé ọdún 12 máa lo ti búlúù nìkan. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹni tó bá lo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan ti wà nínú ewu kí àìsàn náà gbé e ṣánlẹ̀. Ẹni tó bá lo méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ikú ló ń sún mọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ẹ̀mí èèyàn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ìgbìmọ̀ tó yẹ ikú ásímà 195 wò níbẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde. Nínú àwọn olóògbé tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ ínhélà búlúù wọn, 39 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà ju méjìlá lọ lọ́dún tó ṣáájú ikú wọn, àwọn kan tiẹ̀ gbà ju 50 lọ. Ìwé wà, iye wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kà á pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ náà fi ní kí wọ́n tètè fi kọ̀ǹpútà máa ṣọ́ oògùn tí aláìsàn ń gbà, kó lè máa ta dókítà lólobó bí ti búlúù bá ti pọ̀ jù tàbí tí èkejì kò tó.

Àwọn kan lè sọ pé nǹkan àwọn òyìnbó nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n wo Netherlands dáadáa. Níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Utrecht ṣe ètò kan sórí fóònù, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àwọn apoògùn, wọ́n sì dán an wò fún oṣù mẹ́fà ní ilé oògùn 66, láàárín àwọn ọ̀dọ́ 234. Fóònù ń rán ọ̀dọ́ létí oògùn, ó ń bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, ó ń fi fíìmù kéékèèké hàn án, ó sì lè bá apoògùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019 kò pé tán: àwọn tí kì í lo oògùn wọn déédéé tẹ́lẹ̀ tún ọwọ́ ṣe, ṣùgbọ́n àìsàn náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ ju ti àwọn tí kò lo ètò náà lọ. Finland ní tirẹ̀, láàárín 1994 sí 2004, kò tiẹ̀ gbára lé fóònù. Wọ́n dá apoògùn kan lẹ́kọ̀ọ́ nípa ásímà ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé oògùn wọn, wọ́n sì so wọ́n mọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí àwọn alásímà ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn dín kù ju ìdajì lọ.

Ohun tí ìtàn méjèèjì ń sọ ni pé ẹ̀rọ kì í wo àìsàn. Èèyàn tó mọṣẹ́, tó sì ń bèèrè ìbéèrè, ló ń wò ó. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti jẹ́ kó mọ ìgbà tó yẹ kó bèèrè.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí Rore nílò kò wọ́n. Ilé oògùn tó ní apoògùn ní Òmù-Àrán lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tàbí fóònù olówó pọ́ọ́kú pàápàá, kọ orúkọ ẹni tó ra ínhélà àti ọjọ́ tó rà á. Bó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́dún, kí apoògùn pè é, kó ní kó wá fín oògùn náà lójú òun, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ ọ́n fín, tó jẹ́ pé ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ni oògùn ń mọ sí. Kó sì kọ ìwé lé e lọ́wọ́ lọ bá dókítà. Òfin kò gba àwọn ọlọ́jà kẹ́míìsì láyè láti ta oògùn tó nílò ìwé dókítà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí wọ́n má fi WhatsApp so ara wọn mọ́ apoògùn tó súnmọ́ wọn jù lọ, kí wọ́n máa darí aláìsàn sí i. Níbi tí iná kò bá sí, ìwé àkọsílẹ̀ àti gègé á ṣe é. Kíkà ni kókó.

Òtítọ́ kan wà tí kò ṣeé gbójú fò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ lọ́jà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni iléeṣẹ́ GSK, tó ń kó Ventolin àti Seretide wọlé, kéde pé òun ń kógbá sílé lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Owó ínhélà fò sókè ní ìlọ́po ìlọ́po. Àṣẹ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, láti yọ owó ibodè kúrò lórí èròjà oògùn, jẹ́ ìgbésẹ̀ tó dára, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn kì í hù lóru ọjọ́ kan. Kí ni àǹfààní kí apoògùn pe àgbẹ̀ kan pé kó lọ ra oògùn kejì, bí owó rẹ̀ bá ju ohun tí oko mú wá lóṣù lọ?

Ibí yìí ni ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Kwárà ti gbọ́dọ̀ wọlé. Kwárà kì í ṣe àjèjì sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọdún 2007 ni àwọn ará Shonga bẹ̀rẹ̀ sí í san owó táṣẹ́rẹ́ gba ìtọ́jú. Àkọsílẹ̀ ilé oògùn á fi hàn wọ́n ní pàtó iye èèyàn tó nílò oògùn kejì àti ibi tí wọ́n wà. Kí wọ́n má sì gbàgbé òfin ààbò àkọsílẹ̀ ará ìlú tó jáde lọ́dún 2023: àìsàn ẹni kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé kiri inú WhatsApp gbogbo ayé.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, àwọn apoògùn Òmù-Àrán, àwọn ọlọ́jà kẹ́míìsì àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Rore lè jókòó papọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.