Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì Í Pa Arọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Tọmọdé tàgbà ni ó ń pa òwe yìí, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá ni ó sì ń pa á jù, bí wọ́n bá fẹ́ kìlọ̀ fún ara wọn nípa owó ilé ìwé tàbí òjò tí ń bọ̀. Èmi arọ fẹ́ gba òwe mi padà lónìí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ tún un yẹ̀ wò. Òwe náà kò sọ pé kí àwọn alágbára ìlú gbé arọ sá lọ. Kò sọ pé kí wọ́n ṣàánú rẹ̀, kò sì sọ pé kí wọ́n dáwó jọ fún un. Ohun kan ṣoṣo ni ó ní kí wọ́n ṣe: kí wọ́n sọ fún un ní àkókò. Bí arọ bá ti gbọ́, ọgbọ́n tirẹ̀ ni yóò ṣe ìyókù.

Ọ̀rọ̀ ìrìn afẹ́ ni mo fi òwe yìí ń bọ̀ sí. Ní agbègbè wa yìí, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí dé Òkokomáíkò, bí Kérésìmesì bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tí Àjíǹde tàbí Iléyá bá dé, ariwo "Àgbádárìgì yá" ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹgbẹ́ onílé ń lọ, ẹgbẹ́ akọrin ń lọ, ilé ìwé ń kó ọmọ lọ, àwọn oníṣòwò Àlàbá pàápàá a máa ti ṣọ́ọ̀bù wọn fún ọjọ́ kan. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹni tí ó ń fa èéfín ojú ọ̀nà wa yìí símú láti January dé December, ó yẹ kí ó lọ wo omi, kí atẹ́gùn òkun fẹ́ sí i lára.

Wọn a ṣe ìpàdé, wọn a ka owó bọ́ọ̀sì, wọn a ka kúlà ìrẹsì, wọn a yan ẹni tí yóò ra ẹlẹ́rìndòdò àti ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ orin dání, àǹkò kò sì ní gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbi tí a ń lọ. Ẹ bi wọ́n bí ibi tí bọ́ọ̀sì yóò dúró sí ṣe jìnnà sí èbúté tó. Ẹ bi wọ́n pé ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ti ìjókòó ni àbí ti ìlóṣòó? Gbogbo wọn á máa wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni alága yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu jàre. A ó gbé yín."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo bá wá sí ìjà. A ó gbé yín.

Mo mọ̀ pé inú rere ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni à ń gbé láyé? À ń gbé ẹrù. À ń gbé ọmọ ọwọ́. À ń gbé òkú. Èwo ni mo jẹ́ nínú wọn? Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó mú mi ní kékeré, ọ̀pá méjì ni mo sì fi ń rìn láti ìgbà náà. Mo fi ọ̀pá méjì yìí lọ ilé ìwé, mo fi wọ́n kọ́ṣẹ́, mo fi wọ́n gbé ìyàwó, mo sì fi wọ́n kọ́lé sí Ìbà. Kò sẹ́ni tí ó gbé mi dé ọ̀kankan nínú wọn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ mú mi lọ sí etí omi kan. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi rárá títí a fi dé èbúté. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì gbá mi mú lábíyá, ìkẹta di ẹsẹ̀ mi mú, ọkọ̀ ń mì, èrò ń pariwo "Jésù, Jésù", ọ̀pá mi kan já bọ́ sómi, ẹnì kan sì wà lẹ́yìn tí ó ń fi fóònù yà wá. Abẹ́ igi àgbọn ni mo jókòó sí pẹ̀lú ọ̀pá kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a padà délé, akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó gbádùn ìrìn náà.

Èmi ọkùnrin nìyẹn o. Ẹ wo obìnrin tí ọmọkùnrin tí kò mọ̀ rí yóò di mú nítan ní gbangba nítorí pé ó fẹ́ wo òkun. Ẹ wo ìyá àgbà tí làkúrègbé ti so orúnkún rẹ̀. Lóòótọ́, ní August 2020, wọ́n kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti àdánidá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, inú mi sì dùn nítorí àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n àwa tí ó ti mú ṣì wà láyé, ogbó kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwa arọ nìkan nìyí, ẹ lọ wo orúnkún màmá yín.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀nà náà bí ó ti rí. Kí n tó dé Àgbádárìgì, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò ní Ìyànà Ìbà. Dánfó kì í dúró tán. "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o! Fò sí i!" ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo. Èmi ni kí n fò? Bí ó bá ti rí ọ̀pá mi, á gbá ara bọ́ọ̀sì gbàà, dírẹ́bà á tẹná, nítorí àkókò tí n ó fi gòkè, ó lè fi kó èrò mẹ́ta.

Títì náà ńkọ́? Ní 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì Èkó sí Àgbádárìgì sí ọ̀nà mẹ́wàá, tí wọ́n sì fi ààyè ojú irin sí i. Títì ọlọ́nà mẹ́wàá, báwo ni ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ń sọdá rẹ̀? Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí mo mọ̀ l'Ékòó, àtẹ̀gùn ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí n kò bá lè gùn ún, ó di kí n dúró ní apá ibí títí ayé, tàbí kí n fi ẹ̀mí mi wéwu sáàárín ọkọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní September 4, 2023, láti Marina dé Mile 2: kìlómítà 13, ibùdókọ̀ 5. Kìlómítà 27 ni gbogbo rẹ̀ nínú ìwé, Òkokomáíkò ni yóò sì parí sí. Nítorí náà ni mo ṣe ń pariwo. Ibùdókọ̀ tí a bá kọ́ láìsí ọ̀nà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀rọ agbéniròkè, bí kankéré rẹ̀ bá ti gbẹ, ó ti di ogún àwọn ọmọ ọmọ wa nìyẹn.

Ká wá sọ pé mo dé Àgbádárìgì. Ìlú náà kún fún ohun tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá fi ojú rí, ṣùgbọ́n kò rí bákan náà fún ẹsẹ̀. Ibi ìrántí igi Agia, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn Kristi ní September 1842, ìta gbangba ni. Ilé tí Sẹ́ríkí Williams Abass ń kó ẹrú sí, òun tí wọ́n tà sí oko ẹrú ní Brazil kí ó tó padà wá di olówò ẹrú fúnra rẹ̀, yàrá kéékèèké ni, ẹni tí ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ sì ní láti mọ bí ẹnu ọ̀nà ti fẹ̀ tó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀sà. Òdìkejì rẹ̀ ni erékùṣù Gberefu wà, níbi tí ọ̀nà àwọn ẹrú ti dé òkun, ibi tí a ń pè ní ibi àìpadà-sẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń kọjá, yanrìn ni a sì ń tẹ̀ lọ sí etí òkun. Ọ̀pá abẹ́ abíyá a máa rì sínú yanrìn. Táyà kẹ̀kẹ́ arọ kì í yí nínú rẹ̀.

N kò ní kí ẹ wó ilé 1845 nítorí mi. N kò sì ní kí ẹ da kankéré sí gbogbo yanrìn Gberefu. Ohun tí mo ń béèrè kò ju kí ẹ sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ṣì wà ní Ìbà. Bí mo bá mọ̀ pé yanrìn ń bẹ níbẹ̀, mo lè pinnu láti dúró ní apá ìlú, kí n jókòó ti ọ̀sà, kí n jẹ ẹja mi. Mo sì lè ní mò ń lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ni n ó fi wọ́. Èmi ni n ó yàn án. Àwọn baba wa tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kó gba orí yanrìn yẹn kò rí ẹni sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn. Ẹ má ṣe mú ènìyàn gba ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan lè ní àlá òyìnbó ni mò ń lá. Ó dára, ẹ jẹ́ ká dé ilẹ̀ òyìnbó. Ní Norway, Sweden àti Denmark, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá a máa gbé èrò afẹ́ láti èbúté dé èbúté. Ẹ má rò pé ibẹ̀ tẹ́jú bí àwo. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì àdúgbò àtijọ́ ní Stockholm, kẹ̀kẹ́ arọ a sì máa gbọ̀n jìgìjìgì lórí rẹ̀. Níbi tí èbúté kò bá gba ọkọ̀ ńlá, ojú omi ni yóò dúró sí, ọkọ̀ kékeré ni yóò kó èrò lọ sí etílẹ̀. Bí omi bá ń ru, wọ́n lè sọ fún ẹni tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ pé kò ní lè bọ́ sílẹ̀. Wàhálà wọn àti tiwa jọra.

Ibi tí a ti yàtọ̀ ni ẹnu. Kí èrò wọn tó sanwó, ìwé ti máa ń sọ fún un pé ìrìn ibí le, ti ọ̀hún rọrùn, àtẹ̀gùn wà níbí, ọkọ̀ kékeré ni a ó wọ̀ lọ́hùn-ún. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Europe tí wọ́n ṣe ní 2010, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 2012, fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ ní èbúté àti nínú ọkọ̀, ó sì ní kí òun náà sọ ohun tí ó ń fẹ́ ní wákàtí 48 ṣáájú, ó kéré tán. Àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni lápá ọ̀tún, àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni lápá òsì. Wọ́n sọ òwe wa di òfin. Àwa tí a ni òwe, a fi ń ṣe ẹwà ẹnu.

Àwa náà sì ní òfin o. Ní 2011, nígbà ìjọba Fáṣọlá, ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, ọ́fíìsì LASODA ni ó sì ń bójú tó o. Ní January 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti gbogbo Nàìjíríà. Òfin yẹn sọ pé ẹni tí ó bá fi ojú ẹ̀tanú wo aláàbọ̀ ara ti jẹ̀bi: ìtanràn ₦1,000,000 fún ilé iṣẹ́, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ó fún àwọn tí ó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún un ṣe. Ọdún 5 náà pé ní January 2024. Ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ lọ wo báǹkì, ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn àríyá tí ó wà nítòsí yín. Ẹ ka àtẹ̀gùn rẹ̀, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ bóyá ọ̀nà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín láti òkèèrè. Àwọn kan ní owó kò sí. Owó wo? Èló ni wọ́n ń ta ìbéèrè? Ẹni tí ẹ rán lọ wo ibẹ̀, ẹ ní kí ó ka àtẹ̀gùn bọ̀. Àwọn mìíràn ní, ṣé nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò ṣe ti ara wọn mọ́lé? Ta ló ní kí ẹ ti ara yín mọ́lé? Owó ẹgbẹ́ tí mò ń san kò dín ní kọ́bọ̀ nítorí ẹsẹ̀ mi.

Àwọn kẹta ni ó dùn mí jù, àwọn tí ń rọra sọ pé, "Ẹ̀yin náà, ẹ ò kúkú sinmi nílé." Sinmi kí ni? Ojú mi ni ó fẹ́ wo òkun, ẹsẹ̀ mi kò bá a jiyàn. Láyé àtijọ́, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe arọ, abuké àti àfín. Wọ́n ní Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ń wá ìjà òrìṣà ni. A ti di onígbàgbọ́, a ti di Mùsùlùmí. Ọ̀wọ̀ yẹn wá dà?

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, kí ẹ tó kéde ìrìn, ẹ rán ènìyàn lọ yẹ ọ̀nà wò, kí ó sì mú ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn dání, nítorí àtẹ̀gùn mẹ́ta kì í hàn sí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé ìkéde, lábẹ́ iye owó gan-an: iye àtẹ̀gùn, bí ìrìn ti gùn tó, irú ọkọ̀ tí a ó wọ̀, ilé ìyàgbẹ́, ibi ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú àlejò káàkiri Àgbádárìgì, ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀rọ̀ ìlú yín. Ẹ sọ òótọ́ rẹ̀ lórí fóònù kí owó wa tó wọlé. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi, láti Ọ̀jọ́ dé Àgbádárìgì, pákó tí ó fẹ̀, tí ó ní ibi ìdìmú, láti èbúté sínú ọkọ̀, iṣẹ́ káfíńtà kan ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ti ọ̀pá, ẹ yéé sọ pé "kò burú" nígbà tí ó burú. Ẹ la ẹnu ní ìpàdé, kí ẹ sì tètè là á, nítorí àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá.

Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, ẹ fi wá sílẹ̀. Òmíràn nínú wa yóò ní òun ń lọ, òmíràn yóò ní òun kò lọ. Òmíràn a tilẹ̀ ní kí ẹ wá ran òun lọ́wọ́, yóò sì júwe ibi tí ẹ ó ti di òun mú. Ìrànlọ́wọ́ tí a fi ẹnu ara wa béèrè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a fi ipá gbé wa sí. Ọdún ń bọ̀. Ẹ lọ ka àtẹ̀gùn.